Fílítà Racor 500FG lára páyílódà wa: ohun tó ṣe fún wa àti ohun tí kò lè ṣe

Fílítà tó ń yọ omi àti ìdọ̀tí kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì yìí wọ́n, ó ń gbàyè lára ẹ̀rọ, kò sì ní pọ́ǹpù ọwọ́ tí èèyàn lè fi fa epo wọnú rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́ lára páyílódà wa lónìí, mi ò ní gbà. Nítorí ife tó mọ́ gaara tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni.

Yanrìn la ń bù fún àwọn onítípà lágbègbè Ìkòròdú. Tòkunbọ̀ ni páyílódà wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ wa lọ́wọ́. Á bu yanrìn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, á gbé e sókè, bó bá kù díẹ̀ kó dà á sínú típà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹni tó ń wúkọ́, á gbọ̀n, á kú. Ẹ fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún jí bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Àwọn onítípà tó tò sílẹ̀ á sì máa fọn fèrè. Rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí a kọ́kọ́ pè ò tiẹ̀ béèrè bó ṣe ń kú. Ó ní sólénọ́ìdì, ohun tó ń fi iná ṣí epo tó sì ń dí i, ló bàjẹ́, a ra òmíràn, ó gbowó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, páyílódà tún kú lọ́jọ́ kejì.

Bó ṣe ń kú gan-an ló yẹ kí wọ́n bi ọ̀pàrétọ̀. Ẹ̀rọ tó bá kú lójijì, bí ẹni pé ẹnì kan pa kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ iná ló sábà máa ń jẹ́: sólénọ́ìdì tó ń dí epo, rílé tó ń tan iná tó sì ń pa á, wáyà tó ti jẹra, orí bátìrì tí kò dè dáadáa. Òmíràn wà tó máa ń pa ara rẹ̀ bí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ tàbí bí omi rẹ̀ bá gbóná jù. Iná pupa á ti tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i padà láì tíì wo ọ́ìlì àti omi. Àmọ́ èyí tó ń kọ́, tí agbára rẹ̀ ń relẹ̀ kó tó kú, ebi epo ló ń pa á. Tiwa ń kọ́.

Mẹkáníìkì mìíràn ló ní ká so Racor sáàárín tánkì àti pọ́ǹpù, kí epo tó dé ọ̀dọ̀ fílítà ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. 500FG lè gba nǹkan bíi lítà 227 kọjá láàárín wákàtí kan. Ẹ má wo epo tí ẹ̀rọ yín ń jó nìkan tí ẹ bá fẹ́ yan èyí tó tó. Ẹ ka èyí tó ń padà sí tánkì mọ́ ọn. Bí epo bá ṣe ń wọlé ló ń yí bìrí, omi àti ìdọ̀tí tó wúwo jù ú á rì sínú ife, ìyókù á gba inú fílítà bébà kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ, a bẹ̀rẹ̀ wo ife náà. Dísẹ́ẹ̀lì wà lókè, omi jókòó sísàlẹ̀, láàárín méjèèjì ni nǹkan dúdú kan wà tó ń yọ̀ bí ilá. Ọ̀pàrétọ̀ wa wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ohun tá a ti ń fún un mu látọjọ́ yìí nìyí?” Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán ò rí ló máa ń hù síbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé, ìdọ̀tí wọn ló ń dí fílítà. Ẹni tó ń ta epo fún wa búra pé omi òjò ni. Oṣù kìíní là wà nígbà yẹn o. Lóòótọ́, tánkì tó bá ṣófo sùn máa ń làágùn nínú lóru, ìdí nìyẹn tí a fi ń rọ ọ́ kún nírọ̀lẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n òógùn tánkì kan kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ra fílítà yìí láìra gééjì kékeré tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò ọwọ́ ìdérí lókè. Ó ń sọ bí pọ́ǹpù ṣe ń tiraka tó láti fa epo. Lọ́jọ́ kan, páyílódà tún kú. Ife mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ọwọ́ gééjì ti lọ sójú pupa. A pààrọ̀ bébà, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yé wa pé ẹ̀yìn fílítà, níhà tánkì, ni ìdènà wà. Ọ̀pàrétọ̀ gun òkè, ó tú ìdérí tánkì, ó mí “fùúù!”, ọwọ́ gééjì sì balẹ̀ lójú wa. Ẹrẹ̀ ti dí ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ tánkì. Kẹrosíìnì àti abẹ́rẹ́ la fi ṣí i. Bí ẹ bá sì rí ìfófòó tí kò dáwọ́ dúró nínú ife nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ojú họ́ọ̀sì kan ló ń fa afẹ́fẹ́.

Pọ́ǹpù ọwọ́ tí kò ní yẹn máa ń sú mi. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ bébà, ẹ gbọ́dọ̀ rọ dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ kún inú rẹ̀ látòkè kí ẹ tó dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ẹ ó sì máa tú nọ́ọ̀tì kiri láti lé e jáde. Àwọ̀ mẹ́ta ni bébà náà ní: pupa jẹ́ 30 máíkírọ́ọ̀nù (ìwọ̀n bí ìdọ̀tí tó lè mú ṣe kéré tó), búlúù 10, búráùn 2. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti ní fílítà tirẹ̀ níwájú, pupa là ń lò. Ẹnì kan lọ́jà tẹ búráùn mọ́ wa lọ́wọ́ pé òun ló dára jù. Pẹ̀lú irú dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà, kíákíá ló dí. Ayédèrú náà sì pọ̀ lọ́jà, bébà rẹ̀ máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí omi bá kàn án. Ẹ má fi tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà fọ ife o, á là. Dísẹ́ẹ̀lì tàbí omi ọṣẹ ti tó.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ń kú lójijì láìkọ́ rárá, ẹ tọ́jú owó yín ná, kí ẹ wá rewáyà tó mọṣẹ́.