TI-84 Plus àtijọ́ àti NumWorks N0110: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ tú firmware rà?

Láàárín oṣù kan, ẹni méjì ló bi mí ní ìbéèrè kan náà, ọ̀kan ní Ìgbógbó, èkejì ní Sábó níbí ní Ìkòròdú: nínú àwọn kakulétọ̀ tó ń ya gíráàfù, èwo ni àwọn lè rà tí àwọn á lè tú inú rẹ̀, kí àwọn sì fi kóòdù tiwọn rọ́pò èyí tí ilé iṣẹ́ kó sínú rẹ̀, ìyẹn firmware? Ọkàn àwọn méjèèjì ti lọ sọ́dọ̀ NumWorks N0110 kí wọ́n tó bi mí, torí pé ó rẹwà, ojú rẹ̀ sì ń tàn yòò. Mo ní ọ̀kan. Mo tún ní TI-84 Plus àtijọ́, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2004, tí ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Irú ìṣirò tí wọ́n lè ṣe wà lára páálí wọn, n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn.

Kí ẹni tó ń wá kakulétọ̀ fún WAEC má ná owó rẹ̀ sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èyí tí kò ṣeé kọ ètò sí ni WAEC fẹ́. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń wù láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àwọn bọ́tìnì yẹn.

Ẹ̀dà wo ló wà nínú rẹ̀, ṣé ọ̀nà àtipadà sì wà?

Ibí ni owó mi ti ṣègbé, nítorí náà ibí ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ni NumWorks, 2017 ni ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ jáde. Ohun tó fa ojú gbogbo wa mọ́ra ni pé wọ́n gbé kóòdù firmware wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Epsilon, síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Nígbà náà, ẹ lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan mú un, wọ́n fi ohun tó wù wọ́n kún un, wọ́n sọ tiwọn ní Omega. Lásìkò yẹn, ẹ kàn máa fi wáyà so N0110 mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ 6 mọ́lẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnì reset tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ á sì lanu, ẹ ó kó ohun tó bá wù yín sí i lẹ́nu.

Ní 2021 ni Epsilon 16 dé, ilẹ̀kùn sì tì. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń wo òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ kó tó jẹ́ kí firmware kan jókòó sí ipò firmware. Wọ́n ní ìdí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún ń gbé e wọ ìdánwò, ó sì gbọ́dọ̀ dá àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò lójú pé kò sí ẹni tó fi ètò mìíràn bojú nínú rẹ̀. Mo gbà pé ìdí náà tọ́. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ Omega dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n pe tiwọn ní Upsilon, àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò tíì tì ló sì ń jẹ adùn rẹ̀ jù. N0120 tó tẹ̀ lé N0110, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tì í wá.

Èyí ni ohun tí kò yé mi nígbà tí mo ń tọ́jú owó pamọ́. Mo rò pé níwọ̀n bí kóòdù ti wà níta, ẹ̀rọ náà ti di tèmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kí ẹ ka ìwé ilé rẹ̀ kò tíì fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà.

Tòkunbọ̀ ni mo ra tèmi. Mo pe ẹni tó ń tà á lórí fóònù, mo ní kó ṣí ibi ètò ẹ̀rọ náà kó ka nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ó kà á: 15 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo ní máa wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ìdùnnú gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí, mo ti bá yín ṣe update rẹ̀, tuntun ló dà báyìí." Oore ló rò pé òun ń ṣe mí, n kò bínú sí i di òní. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ni mo ti ṣí i wò: 20. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni, pẹ̀lú Chrome àti wáyà, kò sì sí ọ̀nà àtipadà. Mo fi oru mẹ́ta gbìyànjú. Àwọn kan ti rí ihò lára àwọn ẹ̀dà kan tó tì, wọ́n sì fi ṣí ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n tèmi ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé TI-84 Plus. Òun náà ní òǹtẹ̀. Kì í gba OS (ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ náà, òun ni firmware tirẹ̀) tí Texas Instruments tó ń ṣe é kò bá lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ ayé. RSA alábíìtì 512, irú òǹtẹ̀ kan tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ṣe, ni wọ́n lò: nọ́ńbà gbọọrọ kan tí dígíìtì rẹ̀ lé ní 150, tó jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà méjì. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà méjèèjì ló ni kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ó jọ pé kò sí ẹni tó lè wá a rí. Ní 2009, Benjamin Moody fi kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ wá ti TI-83 Plus rí, ó tó ọjọ́ 73 tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù wá da kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì wá àwọn tó kù rí, títí kan ti TI-84 Plus. Texas Instruments kọ lẹ́tà sí wọn lábẹ́ DMCA, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n yọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn kúrò. Ẹgbẹ́ EFF, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, dìde láti gbèjà wọn ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nọ́ńbà tí ayé ti mọ̀ kò ṣeé gbàgbé mọ́. Ìdí nìyẹn tí èmi tí mo jókòó sí Ìkòròdú fi lè kọ OS tèmi, kí n lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ̀rọ sì gbà á bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́. KnightOS, OS kan tí àwọn mìíràn kọ, tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, ń sáré lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn ki owó bọlẹ̀ o. Àwọn TI-84 Plus tó jáde lẹ́yìn ní boot code (kóòdù kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kó tó kan OS) 1.03, èyí tó ń béèrè òǹtẹ̀ alábíìtì 2048, kò sì sí ẹni tó wá ìyẹn rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ MODE, lẹ́yìn náà ALPHA, lẹ́yìn náà LN, èyí tí lẹ́tà S wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà boot code á yọ. Ẹ má tẹ ENTER níbẹ̀ o, torí ENTER ló ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ó sì lè pa ohun tó wà nínú RAM rẹ́. Bọ́tìnì mìíràn ni kí ẹ fi jáde. Bí ẹ bá rí 1.02 tàbí èyí tó kéré sí i, ẹ rà á. Bí 1.03 bá ni, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé boot code kì í yí padà nítorí pé ẹnìkan ṣe update OS. Oore ẹni tó ń tà á kò lè ba ti TI jẹ́ bó ṣe ba ti NumWorks mi jẹ́.

Ohun kan tún wà tó jọ èyí: bí iṣẹ́ bá dá dúró lágbedeméjì ń kọ́? Ní ọjọ́ Orò kan, tí àwa obìnrin wà nínú ilé, mo ń fi OS ránṣẹ́ sí TI nígbà tí iná lọ, bátìrì láàbútọ́ọ̀pù mi sì kú lọ́wọ́ kan náà. Ojú kakulétọ̀ náà ṣófo. Mo rò pé ó ti kú. Nígbà tí iná dé, mo yọ bátìrì kan nínú mẹ́rin, mo tẹ DEL mọ́lẹ̀, mo dá bátìrì padà, ẹ̀rọ náà sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n fún òun ní OS. Ibi tí boot code wà yàtọ̀ sí ibi tí OS wà, a kì í ṣèèṣì kọ nǹkan lé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti kúrò lára mi.

Àwọn yòókù, ní kíákíá

Ìyára: 15 MHz ni TI, 216 MHz ni NumWorks, kò sí àfiwé níbẹ̀.

Ojú: TI ní 96 lọ́nà 64, dúdú lórí àwọ̀ ewé, NumWorks ní 320 lọ́nà 240 pẹ̀lú àwọ̀.

Iná: bátìrì AAA mẹ́rin ni TI ń jẹ, ìyá tó ń ta bisikíìtì ládùúgbò yín ń tà á, NumWorks, ẹ ó máa chaàjì rẹ̀ bíi fóònù.

Wáyà: micro-USB NumWorks wà níbi gbogbo, mini-USB ti TI ni kí ẹ gbà mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó ti ṣọ̀wọ́n.

Dátà: irinṣẹ́ NumWorks wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, TiLP tí mò ń lò fún TI wà lórí láàbútọ́ọ̀pù mi, kì í béèrè dátà.

Èdè: Python wà nínú NumWorks láti ilé, lórí TI, assembly Z80, èdè tó sún mọ́ ẹ̀rọ jù, ni ẹ ó kọ́, ó le, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀.

Àwọn tí wọ́n tún máa ń béèrè

TI-84 Plus CE aláwọ̀ rẹwà, ó sì yára ju bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní 2020, OS 5.5.1 yọ àyè àtisáré assembly kúrò. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní arTIfiCE ń dá a padà nípa ihò kan tí wọ́n rí, ihò sì jẹ́ ohun tí wọ́n lè dí nígbàkigbà. Casio fx-CG50 ní tirẹ̀ kò bá wa jà rárá: ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á yọ bíi fláàṣì, ẹ ju fáìlì g3a, irú fáìlì ètò tirẹ̀, sínú rẹ̀, ó parí. Bó bá jẹ́ géèmù àti ètò C lẹ fẹ́ kọ, tí kì í ṣe firmware fúnra rẹ̀, ẹ lọ bá Casio láìwẹ̀yìn.

Èwo wá ni?

Bí ẹ bá fẹ́ fi Python ṣe ìṣirò, tí ẹ fẹ́ ka kóòdù ńlá tí wọ́n kọ dáadáa, NumWorks yóò tẹ́ yín lọ́rùn; n kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ tó dára. Bí ẹ bá rí N0110 tí ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì dé 16, tí ẹ fi ojú ara yín rí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ohun iyebíye lẹ rí yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ Chrome. Ṣùgbọ́n bí firmware gan-an bá ni, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé OS kan kúrò kí ẹ sì gbé tiyín sí i, kí ẹ bà á jẹ́ lálẹ́ kí ẹ tún un ṣe láàárọ̀, TI-84 Plus kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń lo NumWorks yẹn báyìí, ó sì ń gbádùn Python inú rẹ̀. Ẹni ti Sábó ti rí TI-84 Plus kan. Mo ní kó mú mi dání lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ sanwó, kí a jọ tẹ MODE, ALPHA, LN.