Báńdéèjì áìsì yìí dáa o, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ ni mi ò gbà

Ẹ má bínú, àlàyé mi á gùn díẹ̀, torí mo rí i pé ìràwọ̀ márùn-ún ni gbogbo èèyàn ń fún báńdéèjì yìí, èmi mẹ́ta ni mo fún un, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ká kọ́kọ́ sọ ibi tó ti dáa. Jẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ kì í le gbagidi tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú fírísà, ó máa ń rọ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa, kò dà bí áìsì inú táwẹ́ẹ̀lì tó máa ń yọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Òtútù ẹ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 20. Ibi tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn nìkan ni ò gbámúṣé, kó tó pé oṣù méjì irun àti òwú ti kún ibẹ̀, tí mo bá dìde báyìí ó ti já bọ́.

Páálí ẹ̀ ni mo bá níjà. Wọ́n ní ó ń lé wíwú lọ, ó sì ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ tètè jinná. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo gbà. Ti ìkejì ńkọ́?

Okùn ni mò ń fò tí ẹsẹ̀ mi fi rọ́, kó tó dalẹ́ ó ti wú débi pé kókó egungun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò hàn mọ́. Ni mo bá ń wé báńdéèjì mọ́ ọn nígbà mẹ́fà lójúmọ́, mo tún ń fi ibuprofen, oògùn tó ń lé ìrora àti wíwú, lé e, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìrora lọ, inú mi dùn, mo padà sídìí okùn, ló bá tún rọ́!

Físíò tí mo lọ bá kàn wò mí ni, ó ní "àwọn tó wá bá ẹ tún un ṣe lò ń lé dà nù yẹn o." Ó ní tí iṣan tó so egungun mọ́ egungun bá ya, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fẹ̀, omi á jò jáde, ìyẹn ló ń fa wíwú àti ooru, ibẹ̀ náà sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ń gbà wọlé. Àwọn kan á kó pàǹtí jẹ, àwọn kan á ránṣẹ́ pe àwọn tó máa hun collagen tuntun (okùn tín-ín-rín tó ń di iṣan mú), èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ hun á rí játijàti, ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó le. Ìrora á ti lọ tipẹ́ kí ìyẹn tó parí, ibẹ̀ gan-an ni mo ti jìn sí kòtò.

Dókítà Gabe Mirkin tó sọ ọ̀rọ̀ RICE (ìyẹn ni pé kéèyàn sinmi, kó fi áìsì sí i, kó wé e, kó sì gbé e sókè) di olókìkí ní 1978, òun fúnra ẹ̀ ló padà wá sọ ní 2014 pé áìsì lè fa ìjinná sẹ́yìn. Èmi ò ní ká má lò ó rárá ṣá. Tí wíwú bá pọ̀ jù oríkèé ò ní lè yí, tí oró ò bá sì jẹ́ kéèyàn sùn lóru, ẹ wé e, kẹ́ ẹ fi aṣọ sí àárín. Tẹ́ ẹ ò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ lọ ya x-ray.

Nígbà tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà tiẹ̀ (bóyá nítorí bí mo ṣe ń tiro), báńdéèjì yìí ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Iṣan tó ti ń dunni fún oṣù mélòó kan, wíwú kọ́ ni olórí ìṣòro ẹ̀ mọ́, òwú inú ẹ̀ ló ti dàrú, iṣẹ́ ló sì ń fẹ́. Mo ń dúró sórí àtẹ̀gùn, mo ń sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 15 lọ́nà mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó sú mi, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

Báńdéèjì ṣì wà nínú fírísà. Tí orí bá ń fọ́ mi ni mo ń lò ó báyìí.