Máṣíìnì Onírin Tàbí Máṣíìnì Oníke: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Ìránṣọ ní Òṣogbo

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí yóò máa lò nílé sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ ọnà. Ìbéèrè tí mo gbà pé ó yẹ kó ṣáájú méjèèjì ni pé, bí máṣíìnì yìí bá yarí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wà nílẹ̀, kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi tún ṣe lára rẹ̀, kí ni yóò sì di dandan kí n gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe? Ìbéèrè yìí ni mo fi gbé oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ jù yẹ̀ wò. Èkíní ni máṣíìnì onírin olórí dúdú, irú Butterfly tó ń ti Shanghai wá tàbí Singer àtijọ́, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí tí a ń fi ọwọ́ yí. Èkejì ni máṣíìnì oníke tó ń lo iná, tó ń rán sígísáàgì, ìyẹn ìránṣọ kọ́lọkọ̀lọ, tó sì ń ṣe ihò bọ́tìnnì. N kò ka máṣíìnì ńlá ti ilé iṣẹ́ mọ́ wọn. Kí olùrà kàn mọ̀ pé ìdí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ rí róbótó, nígbà tí ìdí abẹ́rẹ́ ti ilé pẹlẹbẹ lápá kan, nítorí náà a kì í fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ọ̀nà kan náà ni oríṣi méjèèjì ń gbà ránṣọ. Láti ìgbà tí Elias Howe ti gba ìwé àṣẹ lórí ìránṣọ olówùú méjì ní Amẹ́ríkà ní 1846, tí Isaac Singer sì gba tirẹ̀ ní 1851, abẹ́rẹ́ ló ń gbé òwú òkè sọ̀kalẹ̀, ẹnu ṣọ́tù, irin tó ń yí lábẹ́ àwo abẹ́rẹ́, a gbá a mú, a sì yí i ká bọ́bìnì tí a wé òwú ìsàlẹ̀ sí, kí òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè dì mọ́ra láàárín aṣọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àìsàn wọn fi jọra. Bí òwú bá ń kó jọ gìdìgbà sábẹ́ aṣọ, bọ́bìnì ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ òwú òkè ni kò jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fa òwú sí máṣíìnì nígbà tí ẹsẹ̀ máṣíìnì, èyí tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, wà nílẹ̀, àwo tẹ́ńṣàn tó yẹ kó di òwú mú ti pa ẹnu dé, òwú á kàn gba òkè rẹ̀ kọjá láìsí ohun tó dì í mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, ẹ yọ òwú náà pátápátá, kí ẹ sì fà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá ń yọjú sókè, a jẹ́ pé tẹ́ńṣàn òkè ti le jù. Bí ẹ̀rọ bá sì ń fo ìránṣọ, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kódà bí ojú kò bá rí àbùkù kankan lára rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀ tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti kú ti tó láti mú kí ṣọ́tù má rí òwú gbá mú.

Lórí fífi abẹ́rẹ́ sí i, máṣíìnì oníke rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́: lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, apá pẹlẹbẹ ń kọjú sí ẹ̀yìn, òwú sì ń ti iwájú wọ ojú abẹ́rẹ́. Lára ti onírin, ẹ̀gbẹ́ ni òwú ń gbà wọlé, ẹni tí kò bá sì fiyè sí i lè fi abẹ́rẹ́ sódì, kí ó wá máa rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ohun tí kì í tanni ni ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn lára abẹ́rẹ́, nítorí ìhà tó bá wà ni òwú gbọ́dọ̀ ti wọlé. Abẹ́rẹ́ 80/12 tàbí 90/14 dára fún àǹkárá, 100/16 ni kí ẹ fi rán aṣọ òkè àti jíìnsì, aṣọ tó ń fà bíi jẹ́sì sì ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó díẹ̀.

Òṣogbo wá jẹ́ ìlú aró, èyí sì kan ọ̀rọ̀ máṣíìnì ju bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń sọ lọ. Àdìrẹ àti bátíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rán. Bátíìkì tí wọn kò bá fi omi gbígbóná bọ àbẹ́là kúrò lára rẹ̀ tán máa ń fi àbẹ́là sí ara abẹ́rẹ́. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà, ẹ fi èékánná fa ara rẹ̀ láti òkè dé ojú, ẹ ó rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Òwú tó bá gba irú ojú bẹ́ẹ̀ kọjá á máa já ṣáá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà ní tirẹ̀: èérún ẹ̀kọ tó ti gbẹ á bọ́ sílẹ̀, á pò mọ́ ìdọ̀tí òwú, á sì dì gan-in sáàárín eyín tó ń fa aṣọ, títí eyín náà kò fi ní lè yọrí sókè mọ́. Aṣọ á dúró sójú kan, abẹ́rẹ́ á máa gún ibi kan náà. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo bóyá ibi tí a fi ń yan gígùn ìránṣọ kò sí ní òdo, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ àwo abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ rẹ̀.

Níbi gbígbá yìí ni mo ti rí i pé onírin borí. Ẹ ó kàn gbé orí rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ni, gbogbo abẹ́ rẹ̀ á sì hàn kedere, ẹ ó rí ibi tí irin ti ń fi ara kan irin, ẹ ó sì kán epo máṣíìnì díẹ̀díẹ̀ sí i. Lára oníke, ẹ lè dé abẹ́ àwo abẹ́rẹ́ àti ilé ṣọ́tù, ṣùgbọ́n ohun tó kù wà nínú páálí ike tí ẹni tí kò bá mọ ètò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa tú. Epo tí mo ń sọ ni èyí tó mọ́ gaara, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Òróró ẹ̀pà á gan, epo mọ́tò tí wọ́n ti lò rí á sọ aṣọ dúdú. Bí máṣíìnì onírin tó ti pẹ́ nílẹ̀ bá le débi tí kò ṣeé yí, kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ epo tó ti gan kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á sì fi epo tuntun sí i.

Àwọn àìsàn yòókù tó ń ṣe onírin kò nira. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tí wíìlì kò yí geere, bẹ́líìtì awọ ti fà; ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì tún un so. Bí wíìlì bá ń yí tí abẹ́rẹ́ kò mira, ẹ wo kókó tó wà láàárín wíìlì, èyí tí a máa ń tú nígbà tí a bá ń wé bọ́bìnì, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan má tíì dì í padà. Iná kò kàn án, bí ẹ bá sì fẹ́ ìyára, wọ́n lè so mọ́tò kékeré mọ́ ọn, kí ẹ padà sí ẹsẹ̀ títẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Oníke ní iṣẹ́ tí onírin kò lè ṣe, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ti rí. Ẹni tó ń rán jẹ́sì, aṣọ ọmọdé tó ń fà, tàbí ẹ̀wù tó kún fún bọ́tìnnì, yóò jìyà lọ́wọ́ ìránṣọ gbọọrọ nìkan tí onírin ń ṣe, nítorí ó máa ń já nígbà tí aṣọ bá fà. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì oníke, ike ni àwọn jíà tó wà nínú. Bí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ òkè tí a ṣẹ́ po tàbí tó ṣèèṣì lu píìnì, eyín jíà lè kán tàbí kí ó yẹ̀, ẹnu ṣọ́tù kò sì ní pàdé abẹ́rẹ́ lákòókò mọ́. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe ilé. Bí mọ́tò bá ń kùn tí kò yí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kíákíá, ẹ yọ wáyà, kí ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nítorí òwú tó há sínú ilé ṣọ́tù ló sábà ń fà á, mọ́tò tí ẹ bá sì ń fi agbára tẹ̀ lọ á jó.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ dúró díẹ̀ níbí. Iná ilé wa jẹ́ fọ́ltì 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Máṣíìnì tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá, bí ẹ bá so ó mọ́ iná wa láìsí tiransifọ́mà tó ń dín in kù, lójú ẹsẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ lè jó. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ń gbà wọlé, ẹ má gbára lé pé ọlọ́jà ní ó ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ọjà Ọba, ẹ mú àkísà àǹkárá àti ti jẹ́sì dání. Ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì sọ́dọ̀ ara yín, ẹ tẹ́tí sí bóyá ibì kan ń le. Ẹ rán àǹkárá ní ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà ní ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ sì wo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ihò àwo abẹ́rẹ́. Bí ó bá rí ṣákaṣàka níbẹ̀, yóò máa gé òwú. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ilé bọ́bìnì, ẹ di ẹnu òwú rẹ̀ mú, kí ẹ jẹ́ kí ó fì. Kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọn ọwọ́ díẹ̀, ó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kí ó sì dúró.

Fún ẹni tó ń rán àǹkárá, àdìrẹ àti aṣọ òkè nílé tí iná kì í dúró, onírin ni mo dúró tì. Ẹni tí jẹ́sì àti aṣọ ọmọdé bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ní iná tó ṣeé gbára lé, kí ó ra oníke, tuntun tó bá ṣeé ṣe. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ra bọ́bìnì irú èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an kí ẹ tó kúrò níwájú ọlọ́jà, nítorí bọ́bìnì tó bá fi díẹ̀ ga jù yóò há, èyí tó bá kéré jù yóò máa jó nínú ilé rẹ̀, òwú ìsàlẹ̀ kò sì ní jáde bákan náà mọ́.