Ixora ẹ̀bá fẹ́ǹsì mi àti ọmọkùnrin tó tà á fún mi

Oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá ni mo ra Ixora 24 lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta igi òdòdó lẹ́bàá títì, kò jìnnà sí ilé wa n'Íbàdàn. ₦700 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ̀ ọ́n: òdòdó pupa tí a máa ń já nílé ìwé nígbà tí a wà ní kékeré, tí a ó fa okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ yọ, tí a ó fi ahọ́n kan omi dídùn tó wà nídìí rẹ̀. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ onílé lọ́dọ̀ wa. Kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Mẹ́ta nínú wọn ò tíì ta gbòǹgbò rárá. Ẹ̀ka lásán ni wọ́n gé tí wọ́n kì bọ inú ọ̀rá, wọ́n sì gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí gan-an. Ẹ rọra fa ìdí igi sókè kí ẹ tó sanwó: èyí tó ti ta gbòǹgbò yóò di ilẹ̀ mú.

Mo pe ọmọkùnrin náà, kò sì bá mi jiyàn. "Ẹ má bínú, Mọ́mì, mò ń bọ̀ lọ́la." Ó wá lóòótọ́, ó gbé mẹ́ta mìíràn dání, kò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ yẹn ló rí ohun tí èmi ò rí. Ewé tuntun lórí àwọn tó sún mọ́ ògiri ti ń pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣan inú ewé nìkan ló ṣì dúdú. Mo ti rò pé òǹgbẹ ni, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àdá wa ìdí ọ̀kan, àdá sì kan gbàgà: sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ fẹ́ǹsì. Ó ní ilẹ̀ tó ní èròjà kíkan (ásíìdì) díẹ̀ ni Ixora fẹ́, pé níbi tí sìmẹ́ǹtì bá wà, gbòǹgbò rẹ̀ kì í rí èròjà irin fà mu. "Ẹ dín omi yẹn kù, Mọ́mì." Èmi àti ẹ̀ jọ hú mẹ́jọ, a kó àfọ́kù sìmẹ́ǹtì tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, a fi ilẹ̀dú àti ewé jíjẹrà dípò, a tún wọn gbìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ewé tó ń yọ ti dúdú minimini.

Ohun tí kò sọ fún mi ni ti gígé. Orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ, èmi sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń bá mi gékoríko rẹ́ ẹ lóṣooṣù kó lè tẹ́jú. Òdòdó ò yọ. Nígbà tí mo dá gígé náà dúró fún oṣù méjì, òdòdó tú jáde: ìdì kan tí mo kà ní òdòdó wẹ́wẹ́ 47, ìkọ̀ọ̀kan ní ewé òdòdó mẹ́rin bí ìràwọ̀. Ní báyìí, ẹ̀yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀ là ń gé e.

Méjì tó wà lábẹ́ máńgòrò ò tíì yọ òdòdó kankan, oòrùn ò kàn wọ́n. Ọmọkùnrin náà ti ṣèlérí pé òun á wá bá mi hú wọn bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Mo ní kó gbé aláwọ̀ funfun mẹ́fà dání, màá sì fa ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.