Kọ́ọ̀sì requirements engineering tó gbé wa lọ sí ọjà Bódìjà

Ìgbà méjì ni mo ti kọ́ requirements engineering, ìyẹn bí a ṣe ń wádìí ohun tí oníbàárà fẹ́ kí software ṣe. Ní yunifásítì, olùkọ́ ń pe ọ̀rọ̀, àwa ń kọ ọ́. Mo há IEEE 830, ìyẹn ìlànà kan tó sọ bí a ṣe ń kọ requirements sílẹ̀, sórí dáadáa, síbẹ̀ mi ò bi oníbàárà kankan ní ìbéèrè rí. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ 12 tí mo ṣe n'Íbàdàn, níbi tó jẹ́ pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an là ń ṣiṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pín wa ní márùn-ún márùn-ún, wọ́n ní kí á lọ wá oníbàárà. Àwa lọ bá màmá alájọ kan ní Bódìjà. Ká tó débẹ̀, a ti jókòó kọ requirements 20 sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé áàpù yóò máa gba iye kan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́. Màmá ò jẹ́ ká kà á tán. Wọ́n yọ káàdì kan nínú báàgì, tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú 31.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjọ́ kẹta, kò san. Ọjọ́ kẹrin, ó san ti ọjọ́ méjì pọ̀. Ti ọjọ́ kìíní yìí, tèmi ni."

Owó ọjọ́ kan lóṣù ni owó iṣẹ́ alájọ. Nínú gbogbo 20 tí a kọ, kò sí èyí tó mẹ́nu bà á. Mo wá bi wọ́n bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà. Wọ́n ní bí òjò bá ti ṣú, ó tán nìyẹn, owó ò sì gbọdọ̀ dúró. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé áàpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ tó bá yá.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ní kí n ṣe bí oníbàárà, bíi nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n fún mi ní ìwé ohun tí mi ò gbọdọ̀ sọ àfi tí wọ́n bá bi mí. Ẹgbẹ́ kan bi mí pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kó yára?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ibẹ̀ ló ti yé mi pé "kó yára" kò ṣe é dán wò, àmọ́ "kó gbé káàdì aláìsàn jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3" ṣe é dán wò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ṣí ìlànà ISO/IEC/IEEE 29148 fún wa, èyí tó rọ́pò IEEE 830 ní 2011. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló wọlé sí mi lára, torí a ti ṣe é fúnra wa.

Àwọn ibi tó dùn mí wà o. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń bójú tó gbogbo wa. Ìwé tí a fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni èsì rẹ̀ dé, a sì ti tún un kọ nígbà náà. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa ò tẹ ọjà náà rárá, máàkì kan náà ni gbogbo wa gbà. Mo bá wọn sọ ọ́, wọn ò rí nǹkan ṣe sí i títí a fi parí.

Síbẹ̀, bí àbúrò mi bá ní òun fẹ́ ṣe é, màá sanwó fún un. Kó ṣáà kọ́kọ́ bi wọ́n pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, àti pé ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ fi ń padà.