Fákúùmù mẹ́rin fún ilé wa ní Ìkòròdú: èwo ni ká rà?

Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Ìkòròdú, tábìlì tí ẹ nù láàárọ̀, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ sórí rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Eruku pupa láti àwọn títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, iyanrìn tí àwọn ọmọ ń fi bàtà kó wọlé, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì láti ilé tí aládùúgbò ń kọ́ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wá jókòó sórí rọ́ọ̀gì pálọ̀. Ìgbálẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí táìlì, n ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ti rọ́ọ̀gì ló yàtọ̀. Eruku tí ìgbálẹ̀ bá jí dìde lórí rọ́ọ̀gì, inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ, tó bá sì rọlẹ̀ tán, orí rọ́ọ̀gì kan náà ló ń padà sí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée mọ ohun tí mò ń sọ, torí òun ló ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí lóru.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń béèrè fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, lọ́jà báyìí. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé wọ́ọ̀tì mélòó ni. Lójú tèmi, kì í ṣe ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Iná tí ẹ máa fi lò ó ló yẹ kó ṣáájú, kí irú ilẹ̀ tó wà nínú ilé yín tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti mọ méjèèjì yìí kó tó kúrò nílé, ọlọ́jà ò ní rí i tàn.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: alápótí, èyí tó ní táyà kékeré tí èèyàn ń fi họ́ọ̀sì wọ́ kiri, onídúrọ́ọ̀mù, tó ń fa omi tó sì ń fa eruku, ọlọ́pàá, tó ń lo bátìrì, tí kò sí wáyà lára rẹ̀ (ọ̀pá tí a ń dì mú ni mo ní lọ́kàn o), àti róbọ́ọ̀tì tó ń dá rìn nílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná yín

Ìkòròdú wa yìí náà ni iléeṣẹ́ iná Ẹgbin wà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 1,320 mẹ́gáwọ́ọ̀tì, síbẹ̀ gbogbo wa la ṣì ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà nílé. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ra fákúùmù ládùúgbò wa láìfi ìyẹn sọ́kàn.

Alápótí àti onídúrọ́ọ̀mù tó wà lọ́jà sábà máa ń jẹ 1,200 sí 2,000 wọ́ọ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní «I better pass my neighbour» ò lè gbé e, torí nǹkan bíi 650 wọ́ọ̀tì ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọn tipátipá, jẹnẹrétọ̀ á máa kérora, á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí kí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mọ́tò fákúùmù á kàn máa gbóná láìrí nǹkan fà. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA lè gbé fákúùmù 1,400 wọ́ọ̀tì tí ẹ bá kọ́kọ́ yọ fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kúrò lórí rẹ̀. Ìnfátà 1.5 kVA ò lè gbé ju nǹkan bíi 1,200 wọ́ọ̀tì lọ, bẹ́ẹ̀ ni fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́pàá oníbátìrì ò ní ìṣòro yìí rárá. Iná tí ṣájà rẹ̀ ń fà kéré débi pé jẹnẹrétọ̀ tó kéré jù lọ lè gbé e, ìnfátà náà ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan gorí òun. Ẹ ṣájì rẹ̀ nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná wá lóru, kẹ́ ẹ fi gbálẹ̀ láàárọ̀ nínú òkùnkùn tó bá wù yín.

Ẹ̀rù owó mítà wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì fẹ́ mú un kúrò. Fákúùmù 1,400 wọ́ọ̀tì tó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ 0.7 yúníìtì. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A (àwọn tó ń rí iná jù lọ) ga ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, N225 ni wọ́n pe yúníìtì kan. Kódà tí a bá fi iye yẹn ṣírò, kò pé N160. Ẹ̀rọ amómigbóná ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí iná ṣe máa gbé e ló yẹ kó kó yín láyà jẹ, kì í ṣe iye tó máa jẹ.

Wọ́ọ̀tì kì í ṣe agbára ìfà

Ohun tí wọ́ọ̀tì ń sọ ni iye iná tí mọ́tò ń jẹ. Bó ṣe ń fa eruku tó, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú European Union fòfin de àwọn fákúùmù tuntun tó bá ju 1,600 wọ́ọ̀tì lọ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n gé e wá sí 900. Àwọn tó ń ṣe é ò jáwọ́. Wọ́n tún ẹnu rẹ̀, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú rẹ̀, àti mọ́tò rẹ̀ ṣe, èyí tí kò pé 900 wọ́ọ̀tì sì ń gbá rọ́ọ̀gì dáadáa.

Ẹ wo bí èyí ṣe kan tòkunbọ̀. Bí ẹ bá rí méjì tó jáde láti Yúróòpù lórí àtẹ, tí ọ̀kan jẹ́ 2,000 wọ́ọ̀tì, tí èkejì jẹ́ 850, ọlọ́jà á sọ fún yín pé ẹni ńlá ni ti 2,000. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló ti gbó, torí òfin yẹn ò jẹ́ kí wọ́n gbé irú rẹ̀ tuntun wá sọ́jà níbẹ̀ mọ́. Ti 850 ni ìnfátà 1.5 kVA yín lè gbé. Òun ni èmi máa mú.

Tòkunbọ̀ kan náà tún ní ewu tirẹ̀. 220 sí 240 vọ́ọ̀tì ni iná Nàìjíríà, ti Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Fákúùmù Amẹ́ríkà tí wọ́n bá kì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wa máa hó gẹ̀ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀yin á rò pé agbára rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà èéfín á bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ iná di 110 mọ́ ọn. Èyí tó lè gbé fákúùmù tóbi, ó wúwo, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Onídúrọ́ọ̀mù àti alápótí

Àwọn méjèèjì yìí ni ìfiwéra tó ṣòro jù, torí owó wọn lè sún mọ́ra, wáyà ni wọ́n jọ ń lò, rọ́ọ̀gì ni wọ́n sì jọ ń gbá.

Onídúrọ́ọ̀mù ń fa omi. Ní Májídùn àti Ajégúnlẹ̀, níbi tí odò Ògùn ti ń kún wọ ilé àwọn èèyàn tí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, èyí nìkan tó láti parí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó máa fa ìkún omi gbẹ o; ó máa fa èyí tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi garawa kó èyí tó pọ̀ jáde, á sì fa inú rọ́ọ̀gì àti tìmùtìmù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó tún ń fa ẹ̀kọ tó dànù, omi ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ya, àti ìtọ̀ ọmọ lórí mátírẹ́ẹ̀sì. Inú rẹ̀ lè gba 15 sí 30 lítà, nígbà tí bàágì alápótí sábà máa ń gba 2 sí 4. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò kan lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ ki họ́ọ̀sì bọ ibẹ̀, á máa fẹ́ eruku kúrò lára ìdí jẹnẹrétọ̀ àti lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

Ohun tí alápótí fi jù ú lọ ni afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Alápótí tó dáa ń lo bàágì àti fílítà HEPA, tó ń mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn eruku tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá maikirọ́ọ̀nù, èyí tí ojú ò lè rí láéláé. Ọ̀pọ̀ onídúrọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú ò ní i. Aṣọ àti fóòmù nìkan ló wà nínú wọn, eruku tó kéré jù ń gba inú wọn kọjá padà sínú yàrá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ikọ́ fée tàbí tó ń sín láràárọ̀ nílé yín, alápótí oníbàágì tó ní HEPA ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo sọ nípa omi yí yín lọ́kàn padà. Ó tún rọrùn láti gbé gun àtẹ̀gùn, ariwo rẹ̀ ò sì le tó ti dúrọ́ọ̀mù.

Fún ilé tí kò sí àìsàn bẹ́ẹ̀, tí rọ́ọ̀gì sì wà ní pálọ̀, onídúrọ́ọ̀mù ni mo fara mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún owó tí wọ́n fi rà á pọ̀ ju ti àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Ẹ ṣáà rántí pé tí ẹ bá fẹ́ fa omi, bàágì bébà àti fílítà aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò, fóòmù ló máa wọlé. Tí omi bá kún inú rẹ̀, ohun kan tó léfòó níbẹ̀ máa dí ẹnu mọ́tò, ohùn rẹ̀ á sì ga lójijì. Ẹ pa á, ẹ dà á nù. Alápótí ò gbọ́dọ̀ fa omi rárá, iná rẹ̀ lè gbé èèyàn.

Ọlọ́pàá oníbátìrì

Yàrá kan àti pálọ̀, táìlì láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, rọ́ọ̀gì kékeré kan láàárín: irú ilé yìí ni wọ́n ṣe é fún. Ó fúyẹ́, màmá àgbà pàápàá lè lò ó láìtẹ̀ba. Tí ẹ bá lò ó ní agbára kékeré, bátìrì lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá gbé e sókè pátápátá, mẹ́wàá ló máa ń tó, ìgbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀, agbára òkè yẹn ni rọ́ọ̀gì sì máa ń béèrè.

Ọwọ́ bátìrì yẹn ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iná tó bá gbà ò ní pẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n lè yọ bátìrì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà lọ́jọ́ náà gan-an bóyá ó ní bátìrì rẹ̀ ní títà. Tí kò bá ní, tí kò sì mọ ẹni tó ní, ẹ wo òmíràn. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tún wo búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lẹ́nu rẹ̀: irun àtọwọ́dá tó já nígbà tí ẹ ń tú irun máa ń wé mọ́ ọn títí tí kò fi ní yí mọ́. Kí ó jẹ́ èyí tí ẹ lè fọwọ́ yọ jáde, kí ẹ fi sáàsì gé irun náà kúrò.

Róbọ́ọ̀tì ò ní gbà wá lákòókò. Lórí táìlì tó tẹ́jú, tí kò sí wáyà nílẹ̀, ó ń ṣe dáadáa. Ilé tí wáyà ẹ̀sítẹ́ṣọ̀n pọ̀ nílẹ̀, tí òwú ń yọ létí rọ́ọ̀gì, tí ẹnu ọ̀nà yàrá ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ, á kàn máa há síbi kan ni. Agbára ìfà rẹ̀ kéré gan-an sí ti oníwáyà. Owó tó lè ra róbọ́ọ̀tì tó dáa lè ra onídúrọ́ọ̀mù, kó sì ṣẹ́ kù.

Bàágì, àti àwọn ohun tí ò gbọ́dọ̀ wọlé sí i

Àwọn èèyàn fẹ́ràn èyí tí kò ní bàágì torí wọn ò fẹ́ máa ra bàágì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá fẹ́ da inú rẹ̀ nù, eruku á fẹ́ sí yín lójú. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dà á, sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ so ọ̀rá náà kíá. Tí ẹ bá fẹ́ oníbàágì, ẹ wá bàágì rẹ̀ lọ́jà Sábó kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní bàágì aṣọ tó ṣeé gbọ̀n kẹ́ ẹ tún lò ó.

Ẹ má fi fa eérú èédú tó ṣì gbóná, bàágì á gbiná. Ẹ má fi fa bẹntiróòlù tó dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kódà kó jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù tó ń fa omi. Mọ́tò ń ta iná nínú, ó lè bú gbàmù. Sìmẹ́ǹtì àti ìyẹ̀fun tó ń jáde lára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha máa ń dí fílítà pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ́n omi sí i.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀, yálà ní Sábó tàbí Alaba, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu họ́ọ̀sì: ó gbọ́dọ̀ gbá ọwọ́ yín mú, kí ohùn mọ́tò sì ga. Tí ohùn ò bá yí padà, họ́ọ̀sì ti là níbì kan tàbí ibi kan ò pa dé. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á, kẹ́ ẹ wá gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn rọ́bà tó ń jó ò ní lọ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e délé. Ẹ mú iyanrìn díẹ̀ dání nínú ọ̀rá láti ilé, kẹ́ ẹ dà á sórí rọ́ọ̀gì ìsọ̀ wọn, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó wọlé, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n fà á. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó fi fílítà kan sí i fún yín nínú iye tí ẹ jọ ná an sí, torí fílítà yẹn ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́.