Àwọn tó bá mi pa ikán ní Kubwa: èrò mi lórí iṣẹ́ wọn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ikán pípa lórí ilé kan ṣoṣo yìí, fún ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oògùn ikán kan náà, bifenthrin, ni àwọn méjèèjì lò, síbẹ̀ ibi tí wọ́n dà á sí ló sọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ di àṣedànù.

Àwọn àkọ́kọ́ kàn da oògùn yí ògiri ká ni, lórí ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé jíjẹrà tí ìyàwó mi ti kó jọ síbẹ̀ nítorí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ikán tún fi erùpẹ̀ pupa mọ ọ̀nà gun férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, erùpẹ̀ náà sì tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo kọ́kọ́ gbà pé ayédèrú oògùn ni.

Ọ̀gá àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ará Ìlọrin, kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tó fi bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, ó fọ́ ọ sáàárín ìka, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀dú yìí ló gba oògùn yín dúró, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ikán." Bifenthrin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò nínú omi rárá, ohun tó ti jẹrà nínú ilẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ jù. Amọ̀ pàápàá máa ń dì í mú, ṣùgbọ́n kaolinite, irú èròjà amọ̀ tó pọ̀ nínú amọ̀ pupa wa, kò ní ojú tí nǹkan lè lẹ̀ mọ́ tó ti smectite, irú èròjà mìíràn tó wà nínú amọ̀ dúdú ẹ̀bá adágún Chad, èyí tó máa ń là lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Bí amọ̀ bá sì ti rin, omi ti gba ojú rẹ̀, oògùn tí kò bá omi rẹ́ a wá kọrí sí ilẹ̀dú.

Wọ́n kó ilẹ̀dú kúrò, wọ́n gbẹ́ yàrà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n da nǹkan bíi lítà 5 sí mítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì po oògùn mọ́ erùpẹ̀ tí wọ́n fi dí i padà. Mo ní kí wọ́n lo imidacloprid, oògùn ikán mìíràn tí aládùúgbò mi ń yìn, ọ̀gá náà kọ̀: ó tó gíráàmù 0.6 rẹ̀ tó lè yòrò nínú lítà omi kan, kànga wa kò sì jìnnà. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, ó dá iṣẹ́ dúró, torí pé bí àgbàrá bá gbé erùpẹ̀ lọ, oògùn tó lẹ̀ mọ́ ọn yóò bá a dé odò, ẹja kò sì lè fara dà á.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, owó wọn ga, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí ihò tí wọ́n lù sí fàráńdà kò sì bá àwọ̀ táìlì mu. Síbẹ̀, àwọn ni n ó tún pè. Tẹ̀tẹ̀ ìyàwó mi ti wà nínú àpò ìrẹsì báyìí, ó jìnnà sí ògiri. Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá, férémù náà ṣì mọ́.